Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Ọ̀rọ̀ ohun tí ó wà nínú àpò olúkúlùkù wa ni, èyí tí a ń dì mú títí oorun fi ń gbé wa lọ, tí a sì ń nawọ́ sí kí a tó bọ́jú láàárọ̀. Fóònù ni.

Àwọn baba wa a máa sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó ti Ìkòyà wá sí ọjà Òkìtìpupa, ọ̀nà tirẹ̀ wà; ẹni tí ó ti Ìlútitun wá, tirẹ̀ wà; ẹni tí ó sì gbé epo ti Òde-Ìrèlè wá kò ní láti gba ẹ̀yìnkùlé ẹnikẹ́ni kí ó tó dé ìsọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí alágbára kan bá lọ fi igi dí gbogbo ọ̀nà yòókù, tí ó wá ṣí ẹyọ ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀, èyí tí ó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ kọjá, ǹjẹ́ ó fi ipá mú ẹnikẹ́ni rajà lọ́wọ́ rẹ̀? Yóò ní òun kò fi ọwọ́ kan ẹnìkan. Bẹ́ẹ̀ ni, kí ilẹ̀ ó tó ṣú, owó gbogbo ọjà ti bọ́ sí àpò rẹ̀. Irú ẹjọ́ yìí gan-an ni àwọn ilé ẹjọ́ ńláńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń dá lórí fóònù láti ọdún mélòó kan wá, ó sì kàn wá ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ níhìn-ín ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Bí ènìyàn bá ra fóònù tuntun, kì í bá a lófìfo. Àwọn áàpù kan ti jókòó sínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é: èyí tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí a fi ń wo fídíò, èyí tí a fi ń gbọ́ orin, àní èyí tí a fi ń fi owó ránṣẹ́ pàápàá. Bí ẹ bá tẹ nǹkan, àwọn wọ̀nyí ni yóò kọ́kọ́ jẹ́ yín lóhùn, nítorí pé ẹlòmíràn ti yàn wọ́n fún yín kí owó yín tó kúrò lọ́wọ́ yín. Áàpù àbáwá ni n ó máa pè wọ́n, nítorí pé wọ́n bá fóònù wá ni. Wọ́n dà bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí ìyàwó mú ti ilé baba rẹ̀ wá: ọkọ kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, síbẹ̀ nínú ìkòkò ọkọ ni yóò ti máa jẹun.

Ní ọjọ́ kan, mo bi àwọn ọmọ kíláàsì mi léèrè pé kí ni íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọbìnrin kan tí ó mọ̀wé dáadáa dìde, ó ní, "Tíṣà, Google ni." Àwọn yòókù pàtẹ́wọ́ fún un. Mo tún bi wọ́n pé ta ni nínú wọn, tàbí nínú àwọn òbí wọn, ni ó ti yí áàpù tí ó bá fóònù wá padà sí òmíràn rí. Gbogbo kíláàsì pa lọ́lọ́. Ẹ má fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹni tí kò rí ju ẹnu ọ̀nà kan lọ láti ìgbà tí ó ti dáyé, yóò rò pé ẹnu ọ̀nà náà gan-an ni ilé.

Ibi tí agbára áàpù àbáwá wà nìyẹn. Kò sí ẹni tí ó de ọwọ́ wa. A lè pààrọ̀ rẹ̀ bí a bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í sábà yí ohun tí ó bá nílẹ̀ padà, àwọn oníṣòwò ńlá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, wọn kì bá tí máa náwó lé e lórí bí wọ́n ti ń ná an. Nínú ẹjọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà pe Google ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ó hàn gbangba ní kóòtù pé ní ọdún 2021 nìkan, dọ́là bílíọ̀nù 26.3 ni Google san fún àwọn tí ń ṣe fóònù, àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù àti àwọn mìíràn, kí ó bàa lè jẹ́ pé òun ni yóò wà nílẹ̀ bí ènìyàn bá fẹ́ wá nǹkan. Ní ọdún 2022, Apple tí ń ṣe iPhone gba bílíọ̀nù 20 dọ́là lára irú owó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò, mo bẹ̀ yín, ta ni yóò san irú owó yìí fún ààyè tí kò ní èrè?

Ẹ jẹ́ kí n fi epo pupa ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ohun tí a mọ̀ nílẹ̀ Ìkálẹ̀ nìyẹn. Ká ní ọkùnrin kan ni ó ni ẹ̀rọ ìfúnpo kan ṣoṣo tí gbogbo agbègbè ń lò. Ó ní òun kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí a máa bọ̀ wá fún epo wa lọ́fẹ̀ẹ́. A dúpẹ́, a jó. Ó wá kù díẹ̀ kí a gbé ẹyìn wa wọlé, ó ní: "Ẹ dúró ná. Ẹni tí yóò bá lo ẹ̀rọ mi, kẹ́ẹ̀gì tèmi ni yóò máa rọ epo sí, iyọ̀ tèmi ni yóò sì máa gbé sí iwájú ìsọ̀ rẹ̀. Bí ó bá sì fi ẹsẹ̀ kan lo ẹ̀rọ ẹlòmíràn, kí ó má padà síbí mọ́." Ǹjẹ́ ọ̀fẹ́ ni ọ̀fẹ́ yẹn?

Ohun tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ pé Google ṣe nìyí nígbà tí wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù keje ọdún 2018. Google ni ó ni Android, èyí tí ó ń mú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú fóònù ayé ṣiṣẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́ ni ó sì ń fún àwọn tí ń ṣe fóònù. Ṣùgbọ́n Play Store, ọjà tí a ti ń mú áàpù yòókù, tirẹ̀ ni pẹ̀lú, fóònù Android tí kò bá ní in kò sì lè tà dáadáa. Ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n kà sí i lọ́rùn. Èkínní, ó ní ẹni tí ó bá fẹ́ Play Store gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ ìwádìí Google àti Chrome sínú fóònù náà. Èkejì, ó sanwó fún àwọn kan kí wọ́n má baà fi ẹ̀rọ ìwádìí ẹlòmíràn sínú fóònù wọn. Ẹ̀kẹta, ó ní ẹni tí ó bá ń ṣe fóònù tí ó ní áàpù òun kò gbọdọ̀ ta fóònù tí ó ń lo irú Android mìíràn tí òun kò fi ọwọ́ sí. Owó ìtanràn tí wọ́n bù fún un jẹ́ bílíọ̀nù 4.34 ní owó yúrò. Google pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ilé ẹjọ́ gbogbogbòò ti Yúróòpù dín owó náà kù sí bílíọ̀nù 4.125, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọwọ́ sí èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀bi náà.

Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, àjọ tí ń rí sí ìdíje ọjà ní Íńdíà náà bu owó ìtanràn lé Google lórí ọ̀rọ̀ Android yìí, nígbà tí ó sì di ọdún 2023, Google gbà kí àwọn tí ń ṣe fóònù ní Íńdíà máa mú èyí tí wọ́n bá fẹ́ nínú áàpù rẹ̀, kí wọ́n sì fi èyí tí wọn kò fẹ́ sílẹ̀. Láti oṣù kẹta ọdún 2024, òfin tuntun ní Yúróòpù ti mú un ní dandan pé kí fóònù kó orúkọ oríṣiríṣi síwájú olówó rẹ̀, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan èyí tí ó wù ú. Ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún 2024, Adájọ́ Amit Mehta dá a pé Google rú òfin nípa bí ó ṣe fi àdéhùn dí ọ̀nà mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ó kọ̀ láti pàṣẹ pé kí Google ta Chrome, kò sì ní kí ó má sanwó fún ààyè mọ́. Ṣùgbọ́n ó fi òfin de àdéhùn tí yóò ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíràn, ó sì ní kí Google fún àwọn abánidíje rẹ̀ ní díẹ̀ nínú ìmọ̀ tí ó ti kó jọ.

Ẹni tí ó bá ń kà mí yìí lè máa wí pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí. Rárá o. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Ní ọdún 1937, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tí ń ra kòkó ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà fi ẹnu kò láàárín ara wọn kí wọ́n má baà máa du kòkó mọ́ra wọn lọ́wọ́, kí iye rẹ̀ má baà gòkè. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana lónìí, kọ̀ jálẹ̀, wọ́n di kòkó wọn mọ́wọ́ títí di ọdún 1938. Ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement náà sì gbóhùn sókè níhìn-ín, títí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi rán ìgbìmọ̀ Nowell wá ṣe ìwádìí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì àti lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Ọjà wọ́n gógó, àwọn ilé ìtajà ńlá sì ń sọ fún àwọn ìyá wa pé ẹni tí yóò bá ra èyí tí ó wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ra èyí tí kò tà mọ́ ọn. Ìyá kan á wá ra ohun kan, á ru ẹrù méjì lọ sílé. Mo wá bi yín: kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìyẹn àti Play Store tí a so Chrome mọ́ ní ìdí?

Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Google náà ní àwíjàre. Ó ní nítorí pé òun ń fúnni ní Android lọ́fẹ̀ẹ́ ni fóònù fi rọ̀ṣọ̀, òótọ́ sì ni pé bí kò bá sí fóònù Android tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ọ̀pọ̀ ìyá alátà àti olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì bá tí ní fóònù ìgbàlódé lọ́wọ́. Ó tún ní àwọn ènìyàn ń lo òun nítorí pé iṣẹ́ òun dára ni, kì í ṣe nítorí pé òun wà nílẹ̀. Adájọ́ Amẹ́ríkà náà sì gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ dára. Ẹ kò sì ní fẹ́ ra fóònù tí kò ní ohunkóhun nínú, tí ẹ ó máa wò bí awòjìji. Èmi gba gbogbo èyí. Ìdáhùn tèmi ni pé ẹni tí ọjà rẹ̀ bá dára tó bẹ́ẹ̀ kò nílò láti fi igi dí ọ̀nà ẹlòmíràn. Kí ó pàtẹ, kí ẹlòmíràn náà pàtẹ, kí oníbàárà fi ojú ara rẹ̀ yàn. Adájọ́ náà rí i pẹ̀lú pé nítorí tí kò sí ẹni tí ó lè bá Google du oníbàárà, ó lè máa fi owó kún iye tí ó ń gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tí ń polówó ọjà wọn lórí rẹ̀. Ta sì ni yóò san owó náà lẹ́yìn ọ̀rẹyìn bí kò ṣe èmi àti ẹ̀yin tí a ń rajà?

Ẹ jẹ́ kí a wá sílé wàyí. Tecno, Infinix àti itel, tí ó kún ọwọ́ wa ní Òkìtìpupa, ilé iṣẹ́ kan náà ni ó ni wọ́n, èyíinì ni Transsion ti ìlú Shenzhen ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà. Ní ọdún 2019, PalmPay bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìfowóránṣẹ́ ní Nàìjíríà pẹ̀lú mílíọ̀nù 40 dọ́là, Transsion yìí ni ó sì ṣáájú àwọn tí ó dá owó náà. Wọ́n kéde pé ní ọdún 2020 áàpù náà yóò ti wà nínú fóònù ogún mílíọ̀nù kí olówó rẹ̀ tó rà á. Kì í ṣe ẹ̀sùn ni mo fi ń kàn wọ́n, nítorí iṣẹ́ tí ó wúlò ni wọ́n ń ṣe, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ìyálọ́jà ni ó sì ń fi gba owó púpurú àti epo lójoojúmọ́. Ohun tí mò ń wí ni pé kí ẹ mọ bí ó ṣe dé inú fóònù yín. Ọmọ Nàìjíríà kan tí ó jókòó sí Àkúrẹ́ tàbí Ìbàdàn, tí ó fi ọdún mẹ́ta ṣe áàpù tirẹ̀, yóò máa bẹ̀ yín lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí ẹ fi dátà yín mú un. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà nínú yàrá yín kí òun tó kan ilẹ̀kùn. Bí eré bá rí báyìí, ta ni a ó pè ní olúborí?

Ìyá oníṣòwò kan wá bá mi pẹ̀lú fóònù tuntun rẹ̀. Ó ní ilé ìfowópamọ́ òun ni ó fi áàpù owó kan ránṣẹ́ sí òun, nítorí pé nígbà tí òun máa tan fóònù, ó ti wà níbẹ̀. Mo ní, "Màmá, kì í ṣe bánkì yín ni ó fi í síbẹ̀, ẹni tí ó ṣe fóònù ni." Ó ní, "Ṣé kì í ṣe ìjọba ni ó ní kí wọ́n fi síbẹ̀ ni?" Ẹ rí i báyìí pé ohun tí ó bá nílẹ̀ máa ń gba àṣẹ tí ẹnikẹ́ni kò fún un. A ń fọkàn tán an nítorí pé ó ṣáájú wa dé ibẹ̀.

Ìpalára mìíràn wà tí kò hàn lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú áàpù àbáwá ni a kò lè yọ kúrò pátápátá. Wọ́n á gba ààyè tí ó yẹ kí a fi àwòrán ọmọ àti ìwé ìṣirò ọjà sí, wọ́n á sì máa jẹ dátà ní kọ̀rọ̀ bí eku ilé. Ti èdè wa tún ńkọ́? Kíbọ́ọ̀dù tí ọ̀pọ̀ fóònù ń gbé wá, ti Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń kọ́kọ́ ṣí. Bẹ́ẹ̀ ni kíbọ́ọ̀dù Google pàápàá ní Yorùbá nínú, pẹ̀lú ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn. Ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n a ní láti lọ yàn án kí ó tó jáde, àwọn ọmọ wa kò sì lọ yàn án. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ Yorùbá ránṣẹ́ láìsí àmì, tí a kò fi mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó ni wọ́n ń wí, tàbí ọkọ́ tí a fi ń roko, tàbí ọkọ̀ tí a ń wọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹni tí ó yan ohun tí ó kọ́kọ́ ṣí ti kọ́ ọmọ náà lẹ́kọ̀ọ́ kí a tó wọ kíláàsì.

Òfin wà ní Nàìjíríà. Òfin ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, ni ó dá àjọ FCCPC sílẹ̀. Ó ka síso ọjà kan mọ́ òmíràn ní ìdí kún ohun tí ẹni tí ó bá gba ọjà mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ ṣe. Àjọ náà kì í sì í ṣe ajá tí kò ní eyín. Ní oṣù keje ọdún 2024, lẹ́yìn ìwádìí tí ó lé ní ọdún mẹ́ta, wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là fún Meta, tí ó ni Facebook àti WhatsApp, nítorí ọ̀nà tí WhatsApp gbà fi àdéhùn tuntun ọdún 2021 síwájú àwọn ọmọ Nàìjíríà. Àjọ náà ní Meta kò fún wa ní irú ààyè láti yàn tí ó fún àwọn ará Yúróòpù. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2025, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tí ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní Àbújá fi ọwọ́ sí owó ìtanràn náà. Ẹjọ́ yẹn kì í ṣe ti áàpù àbáwá gan-an, ṣùgbọ́n baba kan náà ni ó bí wọn: ẹ̀tọ́ ènìyàn láti yàn. Bí Íńdíà bá lè sọ fún Google pé kí ó tú ohun tí ó dì papọ̀, ó tọ́ kí FCCPC náà wo fóònù tí a ń tà nílẹ̀ yìí, kí wọ́n bèèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀ àti ìdí tí ó fi wà níbẹ̀.

Kí ó tó di ìgbà náà, ìmọ̀ràn mi rèé.

Èkínní: Bí ẹ bá ra fóònù, ẹ má kàn gbé e sápò. Ẹ wọ ibi tí wọ́n kọ Settings sí, ẹ wá Apps, ẹ wá Default apps. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí àwọn tí wọ́n ti yàn fún yín. Bí ọ̀kan kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Èkejì: Áàpù tí ẹ kò lò, ẹ yọ ọ́. Bí kò bá ṣeé yọ, ẹ tẹ Disable kí ó lọ sùn.

Ẹ̀kẹta: Ní ti áàpù owó, ẹ má fi nọ́ńbà àṣírí yín sínú èyíkéyìí nítorí pé ẹ bá a nínú fóònù. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí ó ni ín, àti bóyá Báńkì Àpapọ̀ fún un ní ìwé àṣẹ.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé Google kọ́ ni íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi bí a ṣe ń ṣí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá hàn wọ́n. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Ẹ̀karùn-ún: Bí ẹnikẹ́ni bá so ohun tí ẹ kò fẹ́ mọ́ ohun tí ẹ ń rà, ẹ kọ ìwé sí FCCPC. Ìjọba kì í gbọ́ ẹkún ẹni tí ó dákẹ́.

Èmi kò ní kí ẹ sọ fóònù nù, n kò sì ní kí ẹ kórìíra ẹni tí ó ṣe é. Àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ṣùgbọ́n oníbàárà tí kò bá wo ohun tí wọ́n gbé kà á lórí ni yóò bá a ru ú. Bí ẹ bá wò ó dáadáa tí ẹ sì rí i pé èyí tí ó bá fóònù wá náà ni ó dára jù, ẹ máa lò ó lọ. Kí ó ṣáà jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ yàn án.

Ọjà á tà o, àwọn ọmọ á sì mọ̀wé. Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.